Oníwèé-ẹ̀rí àbí oníwèé-àṣẹ? Èsì lórí òṣìṣẹ́ kùsà èédú

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kú àkitiyan lórí èdè yìí.

Ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ìwakùsà ní FUTA níbí ní Àkúrẹ́ gbé wá ni mo fẹ́ dá sí. Ó ń túmọ̀ ìwé kan tó sọ bí wọ́n ṣe ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin gbà láàyè láti máa ṣọ́ ewu nínú kùsà èédú ní Amẹ́ríkà. Níbi tí òfin ti kọ “certified person”, ó fi “òṣìṣẹ́ ààbò oníwèé-ẹ̀rí” sí i. Màmá wa láti Oǹdó ní kó jẹ́ “ọ̀jáfáfá òṣìṣẹ́”. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní “agbòmìnira” ló bá a mu jù, pé ṣebí a ti ń ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fọ́mọ iṣẹ́ tipẹ́. (Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, fúrídọ̀ọ̀mù náà kì í ṣọmọ ilé wa.)

Ẹ jẹ́ ká tètè yọ “ààbò” kúrò níbẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni lágbègbè Ọjà Ọba pé ta ni òṣìṣẹ́ ààbò, ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tó jókòó sẹ́nu géètì ni yóò nawọ́ sí. Olè ni tiẹ̀. Òkúta tó fẹ́ já àti gáàsì tó fẹ́ gbiná ni ti ẹni tí à ń wí yìí. “Ìdènà-ewu” ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lò. Èédú pẹ̀lú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ pé èédú inú ilẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Enugu ní 1915, kí òǹkàwé má baà máa ronú nípa àwọn tó ń sun igi.

Ìwé-ẹ̀rí gan-an ni ìjà mi. Ohun tó ti kọjá ni ìwé-ẹ̀rí máa ń sọ: o kàwé, o yege, wọ́n bí ọ lọ́jọ́ báyìí, o jókòó ní sẹmínà títí wọ́n fi pín ìrẹsì. Kò fún ọ lágbára lórí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, agbára ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹni yìí.

Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí 3 tó ṣáájú kí ṣíìfù tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ rin ọ̀nà tí àwọn yòókù máa gbà. Á gbé ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì súnmọ́ àjà ihò, torí mẹ́táànì, gáàsì tó máa ń jáde láti inú èédú, fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló máa ń kó jọ sí. Á máa fọ̀pá kan àjà náà, á tẹ́tí sí i: tó bá dún kó, òkúta ibẹ̀ ṣì dìmú, tó bá dún bòò, inú rẹ̀ ti là, ó lè já nígbàkígbà. Á wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ibi tó yẹ kó gbà. Ibi tó bá yẹ̀ wò, á kọ déètì, aago àti lẹ́tà orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i. Tó bá jáde, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì bọwọ́ lù ú. Tí mẹ́táànì bá ti tó ìdá 1 nínú 100 níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń lo iná gbọ́dọ̀ kú kí wọ́n sì tún ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣe. Tó bá di 1.5, kí òṣìṣẹ́ jáde, àfi àwọn tó máa tún un ṣe. Láti nǹkan bí ìdá 5 dé 15 ni mẹ́táànì ti lè bú gbàmù, òfin ò sì ní dúró dè é níbẹ̀.

Àbúrò, nígbà tí mo ti dé orí mẹ́táànì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa “afẹ́fẹ́ olóró” tẹ́ ẹ fi túmọ̀ rẹ̀ rẹ́. Mẹ́táànì kì í ṣe olóró. Agbaná ni. Èyí tó lóró ni kábọ́ọ̀nù mónọ́síáìdì, òun ló ń pa àwọn tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Ẹni tó bá kà á pé mẹ́táànì lóró lè fi aṣọ bo imú, kó sì ṣáná sí sìgá.

Kùsà èédú Upper Big Branch ní West Virginia, ní Amẹ́ríkà, bú gbàmù ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2010, ènìyàn 29 ló kú. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e tú àṣírí ọkùnrin kan tó ti ń ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀ ṣáájú, tó ń fi nọ́mbà irọ́ bọwọ́ lùwé bí ẹni pé ìjọba gbà á wọlé. Ó ti kúrò níbẹ̀ kí ìbúgbàù náà tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ó ṣẹ̀wọ̀n. Bóyá ó mọṣẹ́, bóyá kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tí wọ́n pè é. Àṣẹ tí kò ní ló ń lò.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Màmá nìyẹn. Ọ̀jáfáfá lè wà tí kò láṣẹ kankan. Òfin wọn fúnra rẹ̀ ya “qualified” (ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n) sọ́tọ̀ sí “certified”, mo sì rò pé ibi “qualified” yẹn ni ọ̀jáfáfá Màmá ti máa wúlò. Ti ẹ̀gbọ́n wa tún jìnnà díẹ̀ sí i. Ọ̀gá ló ń fún ọmọ iṣẹ́ ní òmìnira, àdúrà, ọtí, orin, ó parí, kò sẹ́ni tó ń gbà á padà. Ìjọba ló ń fún òṣìṣẹ́ kùsà ní àṣẹ tiẹ̀, lẹ́yìn ìdánwò, kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ń sanwó fún un, ìjọba sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ló wà ni, ọ̀gá tó fẹ́ kí èédú jáde kíákíá á fi fún ẹni tí kì í sọ pé rárá.

Àwọn ará Bírítéènì mọ agbára yìí dáadáa. Lásìkò ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá àwọn awakùsà ní 1984, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí, NACODS, dìbò pé àwọn náà á daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba kò fojú kékeré wò ó rárá, torí kò sí kùsà tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin láìsí wọn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n bá wọn ṣàdéhùn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ tiwọn kò wáyé mọ́.

Ohun tí mo mú wá ni “òṣìṣẹ́ oníwèé-àṣẹ ìdènà-ewu”. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, “oníwèé-àṣẹ” ti tó. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní iléeṣẹ́ náà ń gba ìwé àṣẹ ìwakùsà, kí ni a ó fi dá wọn mọ̀. Ṣé dírẹ́bà wa kan ti ṣi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mú fún pátíkúlà mọ́tò rí? Ọ̀kan tẹ̀ lé ènìyàn lọ, ọ̀kan dúró ti ọkọ̀.

Ó ku ẹni tí wọ́n ń pè ní “fire boss”, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ihò wò bóyá gáàsì wà níbẹ̀ kí àwọn yòókù tó wọlé. “Ọ̀gá Iná” tẹ́ ẹ dábàá kò lè ṣiṣẹ́ láéláé nílùú yìí. Wọ́n á bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa mú iná dé. Ìtumọ̀ orúkọ náà tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: láyé àtijọ́, ẹnìkan ló máa ń da omi sáṣọ wọ̀, tó máa fàyà fà wọlé pẹ̀lú iná lórí ọ̀pá gígùn, láti sun gáàsì náà kí àwọn yòókù tó dé. “Amí” wù mí díẹ̀, torí amí ló ń ṣáájú ogun, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wo ló máa fẹ́ràn amí nínú ihò? Wọ́n á ní ọ̀gá ló rán an. “Ayẹ̀hòwò” ni kí a mú, a-yẹ̀-ihò-wò, bí atúnlùúṣe ṣe rí. Ẹnu ò kọ̀ ọ́.

Ìlànà yìí kò mọ sórí èédú. Ní àwọn ibi ìfọ́-òkúta tó yí Àkúrẹ́ ká, ẹni tó ń fi àdó abúgbàù fọ́ àpáta, “bílásítà” ni wọ́n ṣì ń pè é. Èmi ò ní kí ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí a pè ní ìwé-àṣẹ, kí ẹni tó dúró tì í lè mọ̀ pé òun lè ní kó fi hàn òun.