Bọ́lẹ̀kájà olórí ẹṣin ti parí: àbọ̀ ọ̀rọ̀ fèrèsé tó ń funfun

Ẹ̀yin ará, mo padà wá láti fi òpin sí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ nípa àwòṣe bọ́lẹ̀kájà kékeré tí mo ń kàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí mo fún ní orí àti ìrù ẹṣin, kí ó lè jọ ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tí ìdílé Balógun máa ń gùn lọ sí Ojúde Ọba. Ohun tí mo béèrè ni ìdí tí ike gaara tí mo fi ṣe fèrèsé rẹ̀ ṣe ń funfun. Òótọ́ ni ẹ sọ: súpà gúlù ni ó fà á, nítorí pé bí ó bá ti ń gan, èéfín tí ó ń yọ lára rẹ̀ a máa bà lé ike. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni mo wá lò. Ó ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ tán, kì í hàn.

Ìwọ̀n 1:24 ni mo tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé mo pín ìwọ̀n ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 24, nítorí náà ọkọ̀ tí ìbá gùn ní mítà 6 di sẹ̀ǹtímítà 25. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, bí àwọn káfíńtà ṣe máa ń kan ara bọ́lẹ̀kájà gan-an sórí ṣásí (irin ìsàlẹ̀) ọkọ̀ Bedford láyé àtijọ́, àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà sì ni táyà. Ohun tí ó wù mí jù ni wáyà tí mo tẹ̀ sáàárín irin táyà iwájú, tí ó ń gbé ọrùn ẹṣin náà sókè sódò bí ọkọ̀ bá ti ń yí.

Ẹ ṣeun púpọ̀, pàápàá ẹ̀gbọ́n tí ó kọ́kọ́ dárúkọ gọ́ọ̀mù káfíńtà. Ìbéèrè mi ti ní ìdáhùn.