Bàtà àti aṣọ mi kì í gbẹ lóko, a ò sì níná mànàmáná

Ará Abà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oko kòkó ni mo wà, lápá Ìdánrè, ibi tí wáyà iná ò tíì dé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ mi máa ń rin gbingbin ní ìrọ̀lẹ́, kì í sì í gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàtà òjò mi náà ń tutù nínú, omi ti ń jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo tún ní búùtù aláwọ kan tí mo fi ń gun ọ̀kadà lọ sọ́jà. Ẹni tí a jọ wà lábà ní kí n gbé e sẹ́bàá iná, ọkàn mi ò gbà á. Kí ni ṣíṣe?

Ṣúmékà: Ẹ má gbé e síbẹ̀. Iná ń ba bàtà aláwọ jẹ́ ju òjò lọ: awọ á le, á sán, gọ́ọ̀mù tó di àtẹ́lẹsẹ̀ mú á yọ́. Ẹ tú okùn rẹ̀ pátápátá, ẹ fa ahọ́n rẹ̀ síta, ẹ yọ ìtẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ kí ẹ sá a lọ́tọ̀. Ẹ wá rún ìwé ìròyìn, kí ẹ ki í sínú rẹ̀ títí dé ibi ìka. Bí ìwé bá ti mu omi yó, kò wúlò mọ́, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ìbòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó wà. Bó bá gbẹ, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á kí awọ lè rọ̀.

Bàbá Olóko: Ṣúmékà, ìwé ìròyìn wo ló wà lábà? Ọmọ mi, yanrìn tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà ni kí o wá. Gbé e kaná, dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó, so ẹnu rẹ̀, kí o gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Bí ọwọ́ rẹ ò bá gbà á, jẹ́ kó rọlẹ̀ ná. Bí ọwọ́ bá gbà á, jù ú sínú bàtà òjò. Tó bá tutù, tún gbé e kaná. Ṣáájú ìyẹn, gún igi méjì mọ́lẹ̀, da ojú bàtà dé wọn kí omi ro tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di àárọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí rọ́bà kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin kọjá, ẹnu bàtà nìkan ló lè gbà jáde. Fi í dùbúlẹ̀, kọjú ẹnu rẹ̀ sí atẹ́gùn. Láàárọ̀, gbọ̀n ọ́n dáadáa kí o tó wọ̀ ọ́. Àkekèé ò mọ̀ pé bàtà rẹ ni.

Ìyá Ìbejì: Tí aṣọ ni tèmi. Ẹ kọ́kọ́ fún un dáadáa, kí ẹ tẹ́ ẹ lé táwẹ̀lì gbígbẹ, ẹ ká méjèèjì pọ̀ bí ẹni ká ẹní, ẹ wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Omi tí táwẹ̀lì máa gbà á yà yín lẹ́nu. Ẹ má sá a sábẹ́ igi kòkó: òjò lè ti dá tipẹ́ kí ewé ṣì máa kán omi, atẹ́gùn kì í sì í wọbẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń sá kòkó ni kí ẹ ta okùn sí. Ẹ lọ́ okùn méjì pọ̀, ẹ ki etí aṣọ bọ àárín lílọ́ náà, atẹ́gùn ò ní gbé e lọ. Ẹ yí inú ṣòkòtò síta, kí àpò rẹ̀ máa fì. Bó bá jẹ́ jíìnsì, ẹ gbé e pamọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn jàre.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má tẹ́ aṣọ sórí koríko tàbí ilẹ̀ o. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tó tutù. Ìdin tó bá pa á wọ inú awọ ara, ibẹ̀ á wú bí eéwo. Ẹ lọ aṣọ náà tojú tẹ̀yìn, àgàgà etí rẹ̀ àti bẹ́líìtì ṣòkòtò. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tó o. Bó bá ti wọlé, ẹ má tẹ̀ ẹ́: ẹ fi faselíìnì dí ojú ihò náà, á wá afẹ́fẹ́ wá síta. Ní ti ẹsẹ̀ yín, ẹ nu àárín ìka gbẹ lálẹ́, kí ẹ máa pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Ará Abà: Ẹ ṣeun gan-an. A ò ní áyọ́ọ̀nù kankan. Ṣé mo lè gbé èédú sínú yàrá, kí n ti ilẹ̀kùn kí ooru má jáde? Àjà orí ààrò ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má dán èédú wò! Nínú yàrá tó pa dé, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Tí kò bá sí áyọ́ọ̀nù, ẹ fi aṣọ tó gbẹ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ìdin tó bá wà níbẹ̀ lè kú.

Bàbá Olóko: Àjà dára bó bá ga dáadáa, kí iná sì jẹ́ ẹyin iná nìkan. Àmọ́ aṣọ tí o fi fín oògùn kòkó ò gbọdọ̀ débẹ̀ láéláé. Fọ ìyẹn lọ́tọ̀, sá a síta, jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn yòókù á gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n á máa rùn bí ẹja yíyan.

Ará Abà: Kò burú, bàbá. Oko náà ni mo ń wọ̀ wọ́n lọ.