Ọmọ ajá mi ń tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì dípò orí rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ ajá rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ 11 ni tèmi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé, nítorí náà mi ò tíì lè máa gbé e jáde, torí àrùn parvo, àrùn inú tó máa ń ran ọmọ ajá, tó sì lè pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ́ páàdì ìtọ̀, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń fa ìtọ̀ mu, sí igun yàrá.

Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó bá jẹun tán, tó bá ṣeré tán, mo máa ń gbé e lọ síbẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, mo máa ń yìn ín lójú ẹsẹ̀. Lóru pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jí. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ á wà lórí páàdì, ìdí rẹ̀ á wà níta, ilẹ̀ ni gbogbo ìtọ̀ á dà sí! Nígbà míì, kápẹ́ẹ̀tì ló ń lọ bá tààrà, bóyá torí pé ó rọ̀ lẹ́sẹ̀ bíi páàdì.

Mi ò nà án, mi ò sì tẹ imú rẹ̀ mọ́ ìtọ̀. Ìyẹn á kàn dẹ́rù bà á ni, á wá máa lọ tọ̀ sábẹ́ àga níkọ̀kọ̀.

Ṣé kí n tẹ́ páàdì méjì mẹ́ta pọ̀ ni, àbí kí n wá àwo tó ní etí láti fi há páàdì náà? Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé, tí àjẹsára bá pé, ṣé páàdì yìí ò ní jẹ́ kó ṣòro fún un láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ níta?