Ìlà méjì yọ lórí àyẹ̀wò ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ṣé ọmọ náà ti kó HIV ni?

Ìyá Ìbejì, Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Àbúrò mi kan tí ó ń lo oògùn HIV bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn aládàáni kan fi sítírípù yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ìlà méjì yọ, wọ́n sì ní ó ti kó o. Láti ìjẹta ni ìyá rẹ̀ kò ti fi oúnjẹ kan ẹnu. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ìjọba, nọ́ọ̀sì ní kí a má ka èsì yẹn sí, pé àwọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn sórí káàdì. Kí ló dé tí sítírípù kò fi tó?

Aṣelábù, Gwagwalada
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa bẹ ìyá ọmọ kí ó jẹun, nítorí èsì yẹn kò tíì sọ ohunkóhun nípa ọmọ rẹ̀. Sítírípù kì í wá kòkòrò HIV fúnra rẹ̀ lára ọmọ. Àwọn ọmọ ogun tí ara ń pèsè láti bá a jà ni ó ń wá, àwọn ọmọ ogun ìyá sì máa ń gba ibi ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ títí di oṣù 18. Ìyá ni sítírípù yẹn lè rí lára ọmọ.

PCR ni a fi ń yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò. Retrovirus ni HIV: bí ó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, yóò fi RNA rẹ̀ (àkọsílẹ̀ àbùdá tirẹ̀) ṣe DNA (irú àkọsílẹ̀ àbùdá tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ń lò), yóò sì so ó mọ́ DNA ẹni tí ó wọ̀ lára. PCR a máa wá ohun tí ó jẹ́ ti kòkòrò náà gan-an, a sì sọ ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá rí di àìmọye títí ẹ̀rọ yóò fi lè kà á.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ óò rí i pé wọn yóò gún ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ, wọn yóò nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù, wọn yóò sì jẹ́ kí èyí tí ó tẹ̀lé e kún òbìrìkìtì orí káàdì títí yóò fi rin dé ẹ̀yìn. Wọn kì í fọwọ́ kan inú òbìrìkìtì náà. Káàdì yóò gbẹ níbi tí oòrùn àti eruku ọyẹ́ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó tó wọ inú ọ̀rá pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kò nílò yìnyín lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí abúlé tí kò ní iná pàápàá fi lè fi í ránṣẹ́.

Bàbá Àyọ̀, Zaria
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí PCR bá sọ pé kòkòrò wà, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, wọn yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ tuntun láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àyẹ̀wò tí ó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ lè sọ ìdọ̀tí tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí retrovirus kan tí ń jẹ́ XMRV lára àwọn tí àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà. Àwọn lábù mìíràn wá a títí, wọn kò rí i, ìwé ìròyìn Science sì fagi lé ìwádìí náà ní 2011. Inú lábù ni ìdọ̀tí náà ti wọ inú àyẹ̀wò.

Bí PCR kò bá sì rí nǹkan, tí ọmọ ṣì ń mu ọmú, wọn yóò tún un yẹ̀ wò, títí kan ìgbà tí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú tó oṣù mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an ni. Oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ kí ó má baà kó HIV ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ti dá a dúró láti ọjọ́ tí ìlà méjì yọ.

Aṣelábù, Gwagwalada
Ẹ jọ̀ọ́, kí ó padà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lónìí, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ó fò fún nọ́ọ̀sì náà kí ó tó gba ẹ̀jẹ̀.