Ṣọ́tà fún fèrèsé mẹ́ta: kò sẹ́ni tó mú téèpù nínú wa

Asùnlọ́sàn-án

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ fi plantation shutters sí fèrèsé mẹ́ta nínú ilé wa, ìyẹn ṣọ́tà onípákó pẹlẹbẹ tó ṣeé yí sókè sódò, tí wọ́n máa ń fi férémù kàn mọ́ ojú fèrèsé láti inú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èmi àti ọkọ mi ti ń fa ọ̀rọ̀ àwọ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ó ní funfun gbòò, mo ní funfun tó pọ́n díẹ̀. Àná ni ọmọ wa, ọmọ ọdún 11, gbójú sókè tó ní, "Ṣé ó máa wọ ibẹ̀ ṣá?" A wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó tíì mú téèpù nínú wa.

Mo wá lọ wọ̀n wọ́n. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí ìlà oòrùn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, àárọ̀ ni mo máa ń sùn, oòrùn a sì máa wá mi wá bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Ti balùwẹ̀ kéré, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń wẹ̀ gan-an ló wà, ògiri ibẹ̀ a máa làágùn. Ti kíṣìnì ló dà mí láàmú jù: inú ilé ló ń ṣí sí, ọwọ́ tí a fi ń ṣí i yọ síwájú ní 42 mm, láti ojú gíláàsì dé etí ògiri sì jẹ́ 70 mm péré.

Ṣé igi gidi ni kí n mú ni, àbí MDF (pákó tí wọ́n fi lúbúlúbú igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀), àbí PVC (ike líle)? Ìbú pákó pẹlẹbẹ yẹn ńkọ́, 63 mm, 76 mm, àbí 89 mm? Ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Àbúrò, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ó ti ju ọ̀pọ̀ àgbà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Kíṣìnì ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Àárín ni pákó pẹlẹbẹ ti ń yí. Tí ẹ bá yí ti 89 mm kó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ìdajì rẹ̀, bíi 45 mm, á lọ sẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ gíláàsì. Ká ní ẹ gbé àárín rẹ̀ sí etí ògiri gan-an, ó ku 25 mm láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti gíláàsì. Ọwọ́ fèrèsé yín ti gba 42 mm níbẹ̀. Ẹ máa gbọ́ "gbà!" lójoojúmọ́. Ẹ wá ní kí á mú 63 mm? Bíi 32 mm ló máa lọ sẹ́yìn, ó ku 38. Kò gbà á síbẹ̀, mìlímítà mẹ́rin ló fi ṣẹ́ kù. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á ní kékeré ló máa wọ̀ ọ́, wọn ò ní ṣírò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi férémù yẹn sínú ihò fèrèsé rárá. Ojú ògiri níta ihò ni kó jókòó sí. Nípa bẹ́ẹ̀ àárín pákó á jáde síwájú, ọwọ́ fèrèsé á sì ráyè. Àǹfààní kejì ni pé fèrèsé tó ń ṣí sínú ilé á lè kọjá, torí férémù ò dín ihò kù. Àmọ́ ṣọ́tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí tán kí fèrèsé tó lè ṣí. Ṣé ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣófo?

Ti yàrá, igi ni kí ẹ mú. Basswood, irú igi kan, fúyẹ́, ó gba ọ̀dà dáadáa, kì í sì í tètè wọ́. MDF wúwo, tí ilẹ̀kùn ṣọ́tà bá fẹ̀, ẹrù yẹn á máa fa híńjì sílẹ̀, etí ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha férémù. 76 mm tó fún yàrá. 89 mm máa ń dáa ní fèrèsé ńlá torí ìlà tó ń gé ojú ìran kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ní fèrèsé kékeré, pákó mẹ́rin péré lẹ máa rí, á wá dà bí eyín arúgbó.

Tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n fún inú ihò, ẹ wọn ìbú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ẹ mú èyí tó kéré jù. Ẹ wọn gíga bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ẹ na téèpù láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì. Tí nọ́ńbà méjèèjì ò bá dọ́gba, fèrèsé yín ló wọ́, kí ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe é kó tó gé igi.

Ojú Mi Ti Rí I

MDF ní balùwẹ̀? Ẹ má dán an wò. Ẹni tó ta tèmi fún mi ní omi ò lè ràn án, ọ̀dà ti dì í pa. Lóòótọ́ ọ̀dà dì í, àfi ibi tí wọ́n ti lu ihò fún ìṣó. Ibẹ̀ ni omi gbà wọlé. Kó tó pé ọdún méjì, pákó ìsàlẹ̀ ti wú bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn jìnnà, kò yí mọ́. PVC ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mo sì ń fi kànrìnkàn àti omi ọṣẹ nù ún láìbẹ̀rù. Fèrèsé yín kéré, ẹ ò ní ìṣòro. PVC tó bá gùn láìní irin nínú ló máa ń tẹ̀.

Ohun kan tí ẹnì kan ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni eruku. Ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya ni mò ń wọ̀ sọ́wọ́ láti fi nù wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níwájú lẹ́yìn. Ẹ ka iye pákó tó wà ní fèrèsé mẹ́ta kí ẹ tó sanwó.

Asùnlọ́sàn-án

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀, orí mi ti wálé. Ní kíṣìnì, fíríìjì ló wà ní apá òsì, ó lẹ̀ mọ́ etí fèrèsé. Ìbéèrè kan tó kù: tí mo bá ti ṣọ́tà yàrá pa, ṣé ó máa ṣókùnkùn tó láti sùn?

Ìyá Olóòótọ́

Rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé láàárín pákó àti ní ẹ̀gbẹ́ férémù, pàápàá oòrùn àárọ̀ tó ń bọ̀ tààrà láti ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Tí ẹ bá ń tì í, ẹ yí i kí etí tó kọjú sínú ilé wà lókè, ìyẹn á darí ìwọ̀nba tó bá wọlé sí àjà. Ṣùgbọ́n òkùnkùn tí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń wá ò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, kọ́tìnì tó nípọn ni màá rà fún yàrá, màá sì fowó ṣọ́tà pamọ́.

(Orúkọ "plantation" yẹn náà ò dùn létí mi. Àwọn oko ńlá ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹrú ṣiṣẹ́, ni wọ́n ti yọ ọ́. Ṣọ́tà lásán ni mò ń pè é.)

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Mi ò gbà pẹ̀lú Ìyá pátápátá. Ẹ lè lo méjèèjì: kọ́tìnì fún oorun, ṣọ́tà fún ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ láìfẹ́ kí ẹni tó ń kọjá máa wo inú yàrá. Kí ọ̀pá kọ́tìnì ṣáà jìnnà sí ògiri, kí ó má bàa di ṣọ́tà lọ́wọ́ tó bá ń ṣí.

Ti fíríìjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́tà tó ń ká lé ara wọn, kí gbogbo rẹ̀ kó lọ sí apá ọ̀tún. Tàbí kí ẹ gbé fíríìjì kúrò. Ìyẹn ò ná yín ní nǹkan kan.

Asùnlọ́sàn-án

A ti pinnu. Balùwẹ̀: PVC, 63 mm. Yàrá: basswood, 76 mm, pẹ̀lú kọ́tìnì, Ìyá, mo gbọ́ tiyín. Kíṣìnì á dúró ná, torí nígbà tí a fẹ́ gbé fíríìjì lónìí la rí i pé ibẹ̀ nìkan ni iná wà.

A wọn yàrá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìbú òkè 1198, àárín 1196, ìsàlẹ̀ 1191. Mo kọ 1191 sílẹ̀. Ọkọ mi ló di ìdí téèpù mú lókè àga. Ó ní kí n kọ "funfun gbòò" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi.