Etí ọmọ mi tó yọ síwájú

Níbi tí àwa òbí ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn ọmọ wa, bàbá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní X-ray ni wọ́n fi rí ẹran tó hù lẹ́yìn imú ọmọ tiẹ̀. Tèmi yàtọ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Ìtòkú l'Abẹ́òkúta la ń gbé, ọmọ mi ò ju ọdún méjì àbọ̀ lọ. Ká pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dáhùn. Mo ní olóríkunkun ni, bàbá ẹ̀ ló jọ. Nígbà tó yá, etí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Ìyá ọkọ mi ní kí n kán àdín sí i. Mo kán an. Ẹ má bú mi.

Dókítà tanná wo inú etí, ó ní awọ inú ẹ̀ ti lu, ó fún wa lóògùn. Mo ní ṣé wọn ò ní fi X-ray yà á ni? Ó ní iná yẹn ti tó, pé ìtànṣán ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lò lára ọmọdé láìnídìí. Inú bí mi. Mo rò pé torí a ò lówó ni.

Bí ọyún ṣe gbẹ báyìí, mo dá oògùn dúró láìtán. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ibà dé, ẹ̀yìn etí wú, ó pọ́n, etí wá yọ síwájú bí ẹni pé wọ́n ń tì í látẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà fúnra ẹ̀ ló ní ká lọ ṣe CT scan, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara.

Wọ́n ní kó má sùn lóru, kó lè sùn lórí ẹ̀rọ. Mo pàtẹ́wọ́ kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́. A ò tíì kọjá Kútọ̀ tó ti sùn fọnfọn nínú kẹ̀kẹ́ Máàrúwá. A débẹ̀, ojú ẹ̀ dá! Abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n padà gún un.

Dókítà fi àwòrán hàn mí. Egungun ẹ̀yìn etí rí bí afárá oyin, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà nínú àwọn ihò ẹ̀. Egungun á funfun, afẹ́fẹ́ á dúdú. Tòsì dúdú kirikiri. Tọ̀tún rí bí eérú: ọyún ti kún un, ó ti ń jẹ ògiri àárín ihò. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni kó má ti wọ apá ọpọlọ. Kò tíì débẹ̀. Wọ́n dá wa dúró, wọ́n ń fa oògùn sí i lára, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ tú ọyún náà jáde.

Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Mo pè é láti ilé ìdáná lánàá, kò dáhùn. Ó gbọ́ o. Kò kàn fẹ́ dáhùn ni.