Ámpù mọ́tò àtijọ́: ẹ wá gbọ́ ohun tójú wa rí

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ámpù àlòkù méjì, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn rédíò mọ́tò lágbára, ló wà níwájú mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ni Orion 225 HCCA, ọ̀dà ara ẹ̀ ti bó, wáàtì 25 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì pè é. Ìkejì ń dán yanran, wọ́n kọ 1000 gàdàgbà síwájú ẹ̀, iná búlúù ń tàn lára ẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, kí ni mo fẹ́ fi 25 ṣe? Mo gbé 1000 tèmi, ọ̀rẹ́ mi gbé 25, mo tún wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé rédíò ìyá àgbà ló fẹ́ so ó mọ́.

Ìgbà tá a so méjèèjì mọ́ wúfà kan náà (sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì), níkọ̀ọ̀kan o, ojú tì mí. Mi ò tíì yí fólúùmù dé ìdajì tí tèmi ti ń han gooro, báàsì ẹ̀ ń dún bí ẹni ń gbá páálí, tó bá sì tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá á gbóná, á pa ara ẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ mi ń lù wá láyà gbì gbì, kò tiẹ̀ mira.

Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń tún ámpù ṣe ló là mí lójú. Wọ́n ní láyé 80s sí 90s, àwọn tó ń fi sáúǹdì mọ́tò díje ní Amẹ́ríkà, wáàtì tí wọ́n bá kọ sára ámpù ni wọ́n fi ń pín wọn sí ìsọ̀rí, làwọn kọ́ńpìnnì bá ń kọ nọ́ńbà kékeré sára ohun tó lágbára, kí oníbàárà wọn lè wọ àárín àwọn ọmọdé kó lọ fi ìyà jẹ wọ́n. Cheater amp, ámpù onímàgòmágó, ni wọ́n ń pè é. 25 yẹn, ní ohm 4 ni o (ohm ni ìwọ̀n bí wúfà ṣe ń dínà iná tó), tẹ́ ẹ bá so wúfà tí ohm ẹ̀ relẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ṣe é kó lè gbé e dé ìdajì ohm pàápàá, ohun tó máa yọ jáde á jìnnà réré sí 25.

Tèmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n ka fíúsì ẹ̀. Ẹyọ kan, ampere 30. Wọ́n ní 30 lọ́nà volt 14, wáàtì 420 nìyẹn, ìyẹn gan-an lohun tó ń wọlé, ámpù class AB, irú tèmi yẹn, á sì tún sọ bí ìdajì ẹ̀ di ooru, ibo ni 1000 ti fẹ́ wá? Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò ṣe é. Ìgbà tá a tú ìdí ẹ̀, irin gbàgàdà, inú ṣófo, pátákó tí wọ́n jó wáyà sí ò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó yá kí èmi náà sọ tèmi: ti fíúsì yẹn dáa, àmọ́ kò tó. Èmi ka fíúsì ámpù àlòkù kan, mo gbé e wò, ó wúwo bí òkúta, mo ní mo ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Mo so ó mọ́ bátìrì tààrà. Gbàù! Èéfín. Ẹnì kan ti fọwọ́ bà á rí: transistor mẹ́rin (àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀ tó ń mú ohùn lágbára) tó yẹ kó jẹ́ ìbejì ara wọn, ọ̀kan ò bá àwọn yòókù tan rárá, jíjó ibẹ̀ sì rí gúlugùlu. Ká ní mo tú síkúrù ìdí ẹ̀ ni, ojú lásán ni ǹ bá fi rí i.

Ní báyìí, mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò ni mo kọ́kọ́ máa ń fi sáàárín pọ́sítífì àti gíráùǹdù ẹ̀. Tó bá ké píì tí ò dákẹ́, iná ti forí kora nínú ẹ̀ nìyẹn, mo gbé e sílẹ̀. Tí ò bá ké, mo máa fi gílóòbù iwájú mọ́tò sójú wáyà pọ́sítífì, kí iná gba inú ẹ̀ kọjá. Gílóòbù máa ṣẹ́jú, á wá ṣú, ìyẹn dáa, àmọ́ tó bá tàn tó dúró bẹ́ẹ̀, wàhálà wà nínú ilé. Lẹ́yìn náà kí n tó so sípíkà, mo máa wọn DC, iná bíi ti bátìrì tí kò yẹ kó débẹ̀, lójú ibi tí sípíkà ń wọ̀, tó bá ti ju millivolt 50 lọ, sípíkà mi ò ní débẹ̀.

* * *

Èmi ẹnì kẹta rèé: ẹ tún fi imú kún un ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ṣí ámpù kan rí, ó ń rùn bí ẹja. Capacitor, agolo kékeré tó ń tọ́jú iná nínú ẹ̀, ló ti ń jò, omi ara ẹ̀ sì ti ń jẹ pátákó lọ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń kọrin o, ẹni tó ń tà á tan án fún mi, ó dún dáadáa. Mi ò rà á.

Èyí tí mo rà, àléébù tiẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ òsì kì í sọ̀rọ̀ tí ara ẹ̀ bá tutù, tó bá gbóná tán ló máa ń la ohùn. Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ jù ú nù. Ibi tí wọ́n jó mọ́ ẹnu RCA, ojúhò tí wáyà rédíò ń wọ̀, ló sán, gbígbọ̀n mọ́tò ló ṣe é, mo tún un jó, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ yín tó ni 25 yẹn, ṣé kò fẹ́ tà á?

* * *

Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní rédíò ìyá àgbà lòun ń fi í gbé.